Fíìmù Àgbéléwò Wa: Kí Ló Ń Lé Àwọn Ọmọ Dìde Nídìí Rẹ̀?

Ìwé ìrántí yìí kì í ṣe ibi tí a ti máa ń sọ̀rọ̀ fíìmù. Ọ̀rọ̀ oyè, ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan kò tíì san, ìwọ̀nyí ló sábà máa ń gba ojú ewé. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú wa lọ́dún yìí tí a kò lè pa mọ́ra.

Ọjọ́ Àìkú kan ni. A jẹun tán ní ilé ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, wọ́n sì fi fíìmù Yorùbá sí i kí gbogbo ilé lè jọ wò ó. Àgbàlagbà méje ló jókòó, àwọn ọmọ jẹ́ mọ́kànlá. Kí ọkọ̀ ọ̀gá olówó inú fíìmù náà tó wọ ọgbà rẹ̀ tán, ọmọ mẹ́ta ti dìde. Nígbà tí ìyá ọkọ fi máa pariwo mọ́ ìyàwó tán, ó ku ọmọ méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti sùn. Bàbá onílé bínú, ó ní àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ràn ohun ìbílẹ̀ wọn mọ́. A kò dá a lóhùn níbẹ̀, nítorí oúnjẹ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà lọ sílé, ohun tí a ń sọ fún ara wa ni pé àwọn ọmọ yẹn kò ṣẹ̀. Fíìmù náà kò dùn. Àwa fúnra wa, ìwà ọmọlúàbí ló mú wa jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ fún àwa tí a wà ní Benin. Ọmọ tó ń dàgbà ní Ìbàdàn tàbí ní Òṣogbo, bí fíìmù Yorùbá kò bá dùn mọ́ ọn, kò pàdánù púpọ̀. Èdè náà wà ní ọjà, ó wà nínú ọkọ̀, ó wà ní gbogbo ìta. Ọmọ tiwa ní Ugbor ń gbọ́ Ẹdó lẹ́nu aládùúgbò, ó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu tíṣà, ó ń gbọ́ Píjìn lẹ́nu gbogbo ayé. Yorùbá tó ń gbọ́ kò ju ti bàbá tó ń bínú lọ, àti ti ìyá tó ń rán an níṣẹ́. Ọmọ tó bá jẹ́ pé Yorùbá ìbáwí àti Yorùbá iṣẹ́ rírán nìkan ló mọ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èdè náà ní àwàdà? Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé a lè fi í dẹnu ìfẹ́ kọ ọmọge, pé a lè fi í jiyàn láìjà, pé a lè fi í bú ọba kí ọba má sì mọ̀? Nínú fíìmù ló ti lè gbọ́ gbogbo èyí láìkúrò ní pálọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn wá nígbà tí ọmọ bá dìde.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ kò ní wọlé wa lọ́wọ́ òfo. Búrẹ́dì ni yóò mú dání, yóò sì mú kásẹ́ẹ̀tì méjì mẹ́ta láti Ìdúmọ̀tà. Kásẹ́ẹ̀tì kan a máa yí ilé mẹ́jọ ká kí ó tó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bí ó bá padà. Lẹ́yìn náà ni síìdì dé, tí wọ́n ń tà á káàkiri ọjà Benin. Ní 2010 ni Africa Magic Yorùbá bẹ̀rẹ̀, tí ẹni tó ní díṣì fi lè wo fíìmù Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́. Lónìí, orí fóònù ni púpọ̀ nínú wọn wà, lórí YouTube. Fíìmù kò wọ́n wa mọ́. Ohun tó wọ́n wa ni èyí tí ènìyàn lè wò dé òpin.

Kí a tó bu ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀. Ọwọ́ àwọn eléré orí ìtàgé ni fíìmù Yorùbá ti jáde, àwọn Hubert Ògúndé, Dúró Ládípọ̀, Moses Ọláìyá tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti Adéyẹmí Afọláyan tí a ń pè ní Adé Love. Àwọn wọ̀nyí ń kó ẹgbẹ́ wọn láti ìlú dé ìlú kí kámẹ́rà tó bá wọn. Nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, tó jáde ní 1976, Adé Love àti Dúró Ládípọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Fíìmù onígbà yẹn ń gba owó gọbọi. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, owó fíìmù gidi kúrò ní ohun tí apá eléré lè ká. Wọ́n gbé kámẹ́rà fídíò, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ya ìgbéyàwó àti ìkómọjáde, wọ́n sì fi ń ṣe eré. Bí fíìmù àgbéléwò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń sọ pé Living in Bondage ti 1992 ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ kò sọ ọ́ tán. Kenneth Nnebue tó gbé e jáde, fíìmù àgbéléwò Yorùbá ló kọ́kọ́ fi ṣòwò. Kí èyí wà ní àkọsílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń jiyàn ní ilé ẹ̀kọ́.

A mú ìtàn yìí wá nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí gbòǹgbò àléébù tó ń lé ọmọ dìde. Lórí ìtàgé, ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò rí ojú òṣèré dáadáa. Nítorí náà, òṣèré gbọ́dọ̀ pariwo, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá ń sunkún, ó gbọ́dọ̀ sọ pé òun ń sunkún. Ẹni tó pẹ́ dé tún gbọ́dọ̀ lè bá eré náà lọ, nítorí náà wọn a sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Iwájú imú òṣèré ló wà. A rí omi lójú rẹ̀ kí ó tó ṣẹ́ sílẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí à ń rí. Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn yàrá. Àpótí ọkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ̀wù rẹ̀ kò sí lára ògiri, bẹ́ẹ̀dì ṣófo. Gbogbo wa ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ti mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà á wá gbá àyà mú, á ní, “Háà! Ọkọ mi ti lọ o! Àpótí rẹ̀ kò sí níbí mọ́ o! Ẹ̀wù rẹ̀ náà kò sí mọ́ o! Kí ni mo ṣe fún ọkọ mi o?” Á sọ ọ́ tán, aládùúgbò á wọlé, á bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ látòkè pátápátá. Àbúrò rẹ̀ á tún dé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ, ohun tí ojú wa sì ti rí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta náà la ṣì wà. Ọmọ tó mọ̀ pé òun ti mọ̀ kò ní dúró kí ẹnikẹ́ni tún máa sọ fún òun. Àwa àgbà là ń dúró, bóyá nítorí pé ẹsẹ̀ ń dùn wá.

Orin náà tún wà níbẹ̀. A fẹ́ràn orin inú fíìmù Yorùbá, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ṣùgbọ́n orin tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn ti di òfófó. Kí ọ̀rẹ́ tó da ọ̀rẹ́, akọrin ti kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ á dalẹ̀. Kí ìyàwó tó fi májèlé sọ́bẹ̀, orin ti ní kí ọkọ máa ṣọ́ra fún ọbẹ̀. Ta ló máa wá jókòó wo ohun tí wọ́n ti sọ tán?

Nípa ọkọ̀ tó ń wọ ọgbà, a kò ní sọ púpọ̀. Géètì á ṣí, ọkọ̀ á wọlé, ọ̀gá á sọ̀ kalẹ̀, á tì í, á gun àtẹ̀gùn, á jókòó, wọ́n á gbé omi wá, á mu ún. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó wá sọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe fíìmù tó bá rí ìwé yìí, kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọ̀gá ti wà lórí àga kí a tó bá a níbẹ̀.

Èyí tó ń ká wa lára jù, àwa tí a kò sí nílé, ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Nílé, bóyá ẹnikẹ́ni kì í kà á. Ní Ugbor, àwọn aládùúgbò wa ọmọ Ẹdó ń bá wa wo fíìmù, ìyàwó ilé wa kan tí kì í ṣe Yorùbá ń bá wa wò, àwọn àna wa ń bá wa wò. Ìtumọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọlọ́gbọ́n ni wá. Òṣèré kan ní orí òun wú nígbà tí ọmọ òun gboyè. Ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ni pé orí bàbá náà wúlé, bí ẹni tí agbọ́n ta. Aládùúgbò wa bi wá léèrè bóyá wọ́n á gbé bàbá náà lọ sọ́sípítù. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n pa òwe ńlá kan, òwe tó yẹ kí ilé pa lọ́lọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, kò sì sí èyí tó bá òwe náà tan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èdè tí Ìṣọ̀lá àti Fálétí fi ṣọlá, ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò rò pé èdè àwọn tí kò ní làákàyè ni. Owó tí wọ́n fi ń ra aṣọ òṣèré kan ṣoṣo tó láti bẹ tíṣà Yorùbá kan kó bá wọn túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Kí ni ó ń dí wọn lọ́wọ́?

Ó sì ní ohun kan tí à ń wò tí a máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Nínú fíìmù Yorùbá, mélòó nínú àwọn ẹ̀yà mìíràn ló ní ọpọlọ? Ẹni tó ń ṣọ́ géètì á wá láti òkè ọya, á máa fi Yorùbá rẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọ ọ̀dọ̀ á wá láti Calabar. Ará Ìgbò á jẹ́ ontajà tí kò mọ̀ ju owó lọ. Nígbà tí a bá wà ní ìlú tiwa, à ń rẹ́rìn-ín. Ní ìlú onílùú, ẹ̀rín náà kì í jáde dáadáa. Àwa náà mọ bí ó ṣe ń rí lára nígbà tí wọ́n bá fi ọmọ Yorùbá ṣe ẹlẹ́yà nínú fíìmù tiwọn, pé a fẹ́ràn àríyá, pé a bẹ̀rù ìjà. Ìdí nìyẹn tí Mágùn tí Túndé Kèlání ṣe ní 2001 fi wọ̀ wá lọ́kàn. Ọkọ Yorùbá, ìyàwó Ìgbò ni. Ìfura ọkọ ló dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yà ìyàwó. Ohun tí fíìmù náà ń bi wá ni bí ọkọ ṣe lè gba ọ̀rọ̀ ẹnu aráyé gbọ́ ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, a gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé mélòó ló wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu? A kò ní kà wọ́n síbí.

Àwọn kan yóò sọ pé ọmọ ìwòyí kò lè jókòó wo fíìmù Yorùbá bí ó ti wù kó dára tó. A kò gbà. A ti dán an wò. Ní oṣù kan lẹ́yìn Ọjọ́ Àìkú tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, a kó àwọn ọmọ kan náà jọ, a fi Ṣaworoidẹ sí i. Fíìmù náà ju ọjọ́ orí gbogbo wọn lọ. 1999 ni Túndé Kèlání gbé e jáde, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti òde òní, àwọn ọmọ sì kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó fi máa di àárín, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

A ti rò ó títí, ohun tó fa á kò ṣòro rárá. Ìlú kan wà, Jogbo lorúkọ rẹ̀, orúkọ tó ti korò lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ohunkóhun. Májẹ̀mú kan wà láàárín ọba àti ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ gba gbẹ́rẹ́, kó búra. Adé idẹ wà, ìlù tí ṣaworo idẹ wà lára rẹ̀ náà wà. Bí ẹni tí kò búra bá dé adé náà, tí wọ́n sì lu ìlù yẹn, yóò kú. A gbọ́ gbogbo èyí ní ìbẹ̀rẹ̀. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, wá fẹ́ jọba, ó sì kọ̀, kò gba gbẹ́rẹ́. Ó ti parí nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí onílù bá ti kọjá, ọkàn wa á fò. Gbogbo ìgbà tí adé bá ti jáde, ọmọ á sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ẹni tó ń pariwo, kò sí ẹni tó ń sáré, ìlù kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Ẹnìkan nínú wa ní, ṣebí ẹ ní orin kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ń bọ̀, Ṣaworoidẹ náà kò ha sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ó sì gbà wá lákòókò. Ìdáhùn wa ni pé òfin ni fíìmù náà sọ fún wa, kò sọ ẹni tí òfin máa mú. Lápité ni gbogbo wa ń wò pé ìlù náà máa pa. Sójà ló gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, Lágàta, tí Kúnlé Bámtẹ́fá ṣe, òun náà sì wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé lé orí. Àwọn ọmọ pariwo. Ọ̀kan ní, “Kò mọ̀! Kò mọ̀!” Ohun tí à ń pè ní fíìmù dídùn nìyẹn: kí ọmọ Ugbor mọ ohun tí ọba Jogbo kò mọ̀. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni fíìmù yẹn jáde, kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ Nàìjíríà. Adébáyọ̀ Fálétí, tó ṣe Bàbá Ọ̀pálábà, kàn ń fi òwe àti àwàdà gún wọn lára ni. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Àwọn ọmọ kò mọ̀, fíìmù náà sì dùn mọ́ wọn bẹ́ẹ̀ náà.

Ó Le Kú la fi ṣe ìkejì, ti 1997, èyí tí wọ́n yọ láti inú ìwé ìtàn tí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn, kó sáàárín àwọn ọmọge, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Àwọn ìyá wa rántí pé lẹ́yìn fíìmù yẹn ni ìró àti bùbá kúkúrú tún gbòde, tí télọ̀ gbogbo ń pè é ní òleku. Ohun tí ó kan tiwa ni ẹnu àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni wọ́n fi ń parọ́ ìfẹ́, òun ni wọ́n fi ń jowú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ilé tí a ti wò ó ní òun kò mọ̀ pé a lè fi Yorùbá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn ti darúgbó. Ẹ fi èyí wé fíìmù òde òní tí ọ̀dọ́ inú rẹ̀ ń sọ gbólóhùn kan Yorùbá, méjì Gẹ̀ẹ́sì, tí àgbà nìkan sì ń sọ ojúlówó. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa kọ́ níbẹ̀ ni pé Yorùbá jẹ́ àìsàn tó ń mú èèyàn lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé ti àtijọ́ nìkan la mọ̀. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gbé Aníkúlápó jáde ní 2022. Ní 2023, Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Adébáyọ̀ Sàlámì tí a mọ̀ sí Ọ̀gá Bello, gbé Jagun Jagun jáde. Méjèèjì wà lórí Netflix, gbogbo ayé sì rí wọn. Iṣẹ́ ọmọ tó jogún iṣẹ́ bàbá hàn níbẹ̀. Aṣọ wọn dára, ilé amọ̀ wọn dára, àwòrán mọ́ gaara. Aníkúlápó la fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, ìdí rẹ̀ sì lè jẹ́ tara wa: àlejò ni Sàró. Ó wọ Ọ̀yọ́ láìní ẹnìkan, iṣẹ́ aṣọ híhun ló mú dání, ìlú gbà á, ó sì wá ṣe ohun tí àlejò kì í ṣe láàfin onílé. Ẹni tó bá ti gbé ìlú onílùú rí yóò wo ìdajì àkọ́kọ́ fíìmù yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù. Jagun Jagun náà gbé ọmọ sórí àga, ṣùgbọ́n lójú tiwa, ariwo pọ̀ nínú rẹ̀. Ọfọ̀ tẹ̀ lé ọfọ̀, idà tẹ̀ lé idà, títí tí ọfọ̀ fi fẹ́ dà bí ọ̀rọ̀ lásán. Nígbà tí a ń gbọ́ ọfọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú eré, ara wa ń gbọ̀n. Àwọn ọmọ wa ọkùnrin kò gbà fún wa lórí èyí o. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó yẹ kí a tún ṣe ìdájọ́ òtítọ́ fún àwọn tó ń ṣe é. Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982. Àwọn olè rí ẹ̀dà rẹ̀ jí, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Àdánù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di ẹdun arinlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fi owó púpọ̀ ṣe fíìmù mọ̀ pé òun ń ta tẹ́tẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré yà á láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n fi ń gé ìtàn kan sí apá kìíní àti apá kejì kí wọ́n lè tà á lẹ́ẹ̀mejì. Apá kejì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Kèlání bẹ̀rẹ̀ ní 1993, tí Bàbá Wándé ṣe Ọ̀tún nínú rẹ̀, apá mẹ́ta ló ní. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ tà, tí olóyè tà, ọ̀rọ̀ náà tó pín sí mẹ́ta. Lórí YouTube báyìí, bí ènìyàn bá ṣe pẹ́ nídìí fíìmù tó ni owó ìpolówó ṣe lè pọ̀ tó, nítorí náà ọkọ̀ ọ̀gá á ṣì máa wọ ọgbà díẹ̀díẹ̀. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dìde kò wo ìpolówó kankan.

Apá tiwa náà wà ńbẹ̀, a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù lé eléré lórí. Báwo la ṣe ń wo fíìmù nílé wa? A fi í sí i, a wọ kíṣìnì lọ. Fóònù dún, a dáhùn, a pariwo ju tẹlifíṣọ̀n lọ. Ọmọ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, a ní kó dákẹ́ kó wòran. Ọ̀rọ̀ tí ì bá kọ́ ọ ní èdè ni a fi pa á lẹ́nu mọ́! Ilé kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń fi aṣọ bo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n kí àwọn ọmọ má baà ka Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè fi etí gbọ́. A yẹ ọgbọ́n náà wò, ó dára fún ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò bá wà níjòókòó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ká aṣọ kúrò. Ohun tí àwa ń ṣe báyìí ni pé a kì í wò ju ẹyọ kan lọ ní oṣù kan, ẹni tó bá sì mú fíìmù wá gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ wò ó dé òpin. Òfin kejì yìí ti dín fíìmù kù gan-an. Bí ọmọ bá béèrè ọ̀rọ̀, a ń dá fíìmù dúró, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sọ ọ́. Àwọn àgbà kan ń kùn pé ìdádúró náà ti pọ̀ jù.

Ní alẹ́ Ṣaworoidẹ yẹn, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ó ní kí ni ń jẹ́ ṣaworo. Àwa àgbà wo ara wa. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣàlàyé rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ló là á fún un: àwọn agogo kéékèèké tó wà létí ìlù ìyáàlù, tó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ bí onílù bá ti ń mì ín. Ọmọ náà ní ṣé idẹ ni wọ́n fi ṣe é, bí èyí tí wọ́n ń rọ ní Igun Street. A ní bẹ́ẹ̀ ni, idẹ kan náà ni. Ó padà sí àyè rẹ̀, ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.